Bí Eré Ìdárayá Ṣe Wọ Inú Òwúrọ̀ Ènìyàn: Ìtàn Láti Ìgbà Rédíò Dé Ìgbà Fóònù

Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ ìlera ti ń gba aráyé níyànjú, mímọ ohun tó dára fún ara kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìṣòro mọ́. Ìṣòro tó kù ni bí ènìyàn yóò ṣe máa ṣe ohun náà lójoojúmọ́ tí kò fi ní sú u. Lóde òní, iwájú àwọn tó ń ṣe áàpù ìlera ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Áàpù ìlera ni àwọn ètò tí à ń gbà sórí fóònù, tí ọ̀kan ń ka ìṣísẹ̀, tí òmíràn ń ṣọ́ oorun, tí òmíràn sì ń kọ́ni bí a ṣe ń mí kanlẹ̀ tàbí tó ń ránni létí omi mímu. Àwọn ènìyàn ń gbà wọ́n wọlé bí ẹni gba àlejò pàtàkì, wọn a sì pa wọ́n tì kí oṣù tó yí po. Ṣùgbọ́n kí fóònù tó dé ni ọ̀ràn náà ti wà, ibi tí ìtàn rẹ̀ sì ti kún jù lọ ni ilẹ̀ Jàpáànì, níbi tí eré ìdárayá kan tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1928 ṣì wà títí di òní olónìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya ọ́fíìsì àwọn adójútòfò ní ìlú New York.

Adójútòfò ẹ̀mí ni ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó táṣẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lóṣooṣù, pẹ̀lú àdéhùn pé bí ẹni náà bá kú, òun yóò san owó gọbọi fún àwọn tó fi sílẹ̀. Bí oníbàárà bá tètè kú, ilé-iṣẹ́ ni yóò ru àdánù rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ láyé, owó á máa wọlé. Ìdí nìyí tí Metropolitan Life Insurance Company, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà nínú ilé gogoro kan ní àdúgbò Madison Square ní New York, fi bẹ̀rẹ̀ sí í rán nọ́ọ̀sì lọ sí ilé àwọn oníbàárà rẹ̀ láti ọdún 1909, tó sì ń tẹ ìwé pélébé jáde lórí ìmọ́tótó àti àrùn. Nígbà tí rédíò wá ń wọ ilé àwọn ará Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ náà rí i pé ohùn ènìyàn lè dé ibi tí ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì kò lè dé. Ní ọdún 1925, ó gbé ètò eré ìdárayá òwúrọ̀ kan sórí afẹ́fẹ́ láti inú ilé gogoro yẹn, ó sì fi Arthur Bagley ṣe olùdarí rẹ̀. Ní kùtùkùtù, kí àwọn ènìyàn tó lọ síbi iṣẹ́, Bagley yóò máa ka iye, dùùrù yóò máa dún, ẹni tó wà nílé yóò sì máa gbé apá àti ẹsẹ̀ bí wọ́n ṣe wí. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà ránṣẹ́ a máa rí ìwé àwòrán gbà lọ́fẹ̀ẹ́, tó fi bí eré kọ̀ọ̀kan ṣe rí hàn.

Ètò yìí wà fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kó tó kógbá wọlé. Ohun tó yẹ kí a fọkàn sí nínú rẹ̀ ni wákàtí tí wọ́n yàn. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó wá àyè nínú ọjọ́ rẹ̀. Wọ́n wo ibi tí àyè ti wà tẹ́lẹ̀, ìyẹn àárín ìgbà tí ènìyàn jí sí ìgbà tó jáde nílé, wọ́n sì fi eré náà há ibẹ̀.

Ní ilẹ̀ Jàpáànì, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń ṣe adójútòfò fún mẹ̀kúnnù. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 1916 ni ilé ìfìwéránṣẹ́ ti ń ta ìdójútòfò kékeré kan tí kò béèrè àyẹ̀wò dókítà, tí alágbàṣe àti oníṣẹ́ ọwọ́ sì lè san owó rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ kò fara sin, nítorí pé ìjọba ti ṣe onídùúró fún ẹ̀mí àwọn ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò, ní àkókò tí ikọ́ ife ń pa ọ̀dọ́ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ní àwọn ìlú ńlá. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìdójútòfò ilé ìfìwéránṣẹ́ yìí lọ sí Amẹ́ríkà láti wo bí àwọn adójútòfò ibẹ̀ ṣe ń ṣe, wọ́n mú ìròyìn ètò orí rédíò yìí bọ̀ wálé. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kọkànlá, ọdún 1928, ní aago méje òwúrọ̀, eré náà kọ́kọ́ dún ní Tókyò gẹ́gẹ́ bí ara ètò tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ́sí ìgbadé Ọba Hirohito, ẹni tí ayẹyẹ ìgbadé rẹ̀ wáyé nínú oṣù yẹn kan náà. Orúkọ tí àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n sí ni rajio taiso, èyí tí í ṣe eré ìdárayá orí rédíò. Egi Riichi ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣe olùdarí. Òun ló sì ń kí gbogbo orílẹ̀-èdè káàárọ̀ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, tó fi jẹ́ pé ohùn rẹ̀ di ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Síbẹ̀, rédíò nìkan kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe, nítorí pé rédíò ṣọ̀wọ́n nílé tálákà nígbà náà, ẹni tó sì ń gbọ́ ohùn lásán kò lè mọ̀ bóyá apá òun ga tó bó ṣe yẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, tí ẹsẹ̀ wọn ti mọ gbogbo abúlé, ló gbé ìwé àwòrán eré náà káàkiri, tí wọ́n sì ń fi í han àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n bá ti pàdé wọn. Láti ọdún 1930, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé rédíò sínú òpó òkúta ní àwọn ọgbà ìtura, tí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ wà ní ọgbà Tennoji ní ìlú Osaka, kí ẹni tí kò ní rédíò nílé lè dúró sí gbangba kó sì gbọ́. Ní ọdún 1930 yìí kan náà ni ọlọ́pàá kan ní agbègbè Kanda ní Tókyò kó àwọn ọmọdé jọ ní àkókò ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n má baà sùn títí oòrùn yóò fi kan wọ́n lójú, tí wọ́n sì jọ ń ṣe eré náà pọ̀ ní òwúrọ̀. Òkúta ìrántí kan ṣì wà ní ọgbà Sakuma ní agbègbè yẹn títí di òní, tó fi hàn pé ibẹ̀ ni ìpàdé eré ìdárayá orí rédíò ti ṣẹ̀.

Ìpàdé àwọn ọmọdé yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lójú lọ, nítorí láti inú rẹ̀ ni àṣà káàdì ti gbilẹ̀. Ní àkókò ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan a máa fi okùn so káàdì kan kọ́ ọrùn, tí wọ́n ti pín sí ojú-ilé kéékèèké fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí eré bá parí ní òwúrọ̀, àwọn ọmọ á tò síwájú àgbàlagbà kan ní àdúgbò, onítọ̀hún á sì lu òǹtẹ̀ pupa sí ojú-ilé ọjọ́ náà. Ọmọ tí òǹtẹ̀ rẹ̀ bá pé tàbí tó sún mọ́ pípé ni yóò gba ẹ̀bùn kékeré, ó lè jẹ́ pẹ́ńsù tàbí ìwé àjákọ. Àwọn tó ń ṣe áàpù lónìí ní ohun tó jọ èyí, tí wọ́n fi ń ka iye ọjọ́ tí ènìyàn ti ṣe nǹkan láì já a, tí wọ́n sì ń fi àmì ẹ̀yẹ lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé fojú fò: lẹ́yìn òǹtẹ̀ ti àwọn ọmọ Jàpáànì, ènìyàn kan wà níbẹ̀ tó mọ orúkọ ọmọ náà, tó mọ òbí rẹ̀, tí yóò sì béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kejì bí kò bá wá. Nọ́ńbà orí fóònù kò ní ẹni tó ń retí ènìyàn.

Ẹ̀yà burúkú ìtàn yìí náà yẹ ní sísọ. Ohun tó bá ti wọ inú ojúmọ́ ènìyàn ti ní agbára lórí rẹ̀, ìjọba ológun Jàpáànì sì mọ èyí dáadáa. Nígbà tí ogun pẹ̀lú ilẹ̀ Ṣáínà gbóná láti ọdún 1937, eré tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìlera di ohun èlò fún ìtẹríba. Wọ́n so ó pọ̀ mọ́ àwọn ètò ìkójọpọ̀ orílẹ̀-èdè fún ogun, wọ́n sì mú un dé Kòríà àti Táíwàn tí wọ́n ń ṣàkóso lé lórí nígbà náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fura sí eré náà nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Jàpáànì ní ọdún 1945, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì gba àkóso ilẹ̀ náà. Wọ́n gbé eré náà jáde ní ọ̀nà tuntun ní oṣù Kẹrin ọdún 1946, ṣùgbọ́n kò pé ọdún méjì tí èyí fi kúrò lórí afẹ́fẹ́, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1947, nítorí pé ojú àṣẹ ológun ni wọ́n fi ń wo bí odindi orílẹ̀-èdè ṣe ń gbọ́ ohùn kan ṣoṣo tí wọ́n sì ń mira lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ọjọ́ 6, oṣù Karùn-ún, ọdún 1951, eré náà padà wá ní ọ̀nà tí àwọn ará Jàpáànì ṣì ń gbà ṣe é lónìí. Hattori Tadashi ló kọ orin rẹ̀. Eré mẹ́tàlá ló wà nínú ìpín àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ sì ń gba ohun tó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta péré: ó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nína apá méjèèjì sókè, ó ń kọjá sí jíju apá àti yíyí ìbàdí, ó ń dé ibi fífò sókè, ó sì ń parí pẹ̀lú mímí kanlẹ̀. Kò béèrè aṣọ pàtàkì, kò béèrè ohun èlò, àyè tí ènìyàn fi lè na apá sí ọ̀tún àti òsì ló kù. Ní ọdún 1952, ìpín kejì tẹ̀lé e, èyí tó le jù ú lọ díẹ̀, tí wọ́n sì ṣe pẹ̀lú àwọn tó wà níbi iṣẹ́ lọ́kàn. NHK, ilé-iṣẹ́ rédíò àpapọ̀ ilẹ̀ náà, ló ń gbé e sáfẹ́fẹ́ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, pẹ̀lú ẹni tó ń tẹ dùùrù níbẹ̀ gan-an, tí kì í ṣe orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́, ó wọ ilé-iṣẹ́ ńlá, ó sì wọ ibi ìkọ́lé, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń ṣe é kí wọ́n tó fọwọ́ kan irinṣẹ́. Kò sí ẹni tó ń fi agbára mú àwọn arúgbó tó ń péjọ ní ọgbà ìtura ní òwúrọ̀. Ohun tó ń mú wọn wá ni pé aago mẹ́fà ààbọ̀ ti di ibi ìpàdé, ẹni tí kò bá sì wá ni àwọn yòókù yóò mọ̀ pé kò wá.

Ìdíje Òlíḿpíìkì tó wáyé ní Tókyò ní oṣù Kẹwàá ọdún 1964 tún gbé ọ̀rọ̀ ìlera sókè lọ́nà mìíràn. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ilé-iṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Yamasa Tokei Keiki gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí ènìyàn lè fi há ìbàdí, tó sì ń ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀. Wọ́n pè é ní manpo-kei, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀. Orúkọ yìí ni 10,000 ìṣísẹ̀ tí gbogbo ayé ń lépa lónìí ti wá. Kì í ṣe ìwádìí ìṣègùn ni wọ́n fi mú un jáde, orúkọ ọjà tó dùn ún pè ni. Síbẹ̀, ọgbọ́n ńlá wà nínú ẹ̀rọ náà tí kì í ṣe ti nọ́ńbà. Rajio taiso fún ènìyàn ní wákàtí kan. Manpo-kei kò béèrè wákàtí kankan. Rírìn tí ènìyàn ń rìn tẹ́lẹ̀, lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, lọ sí ọjà, gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, òun ni ẹ̀rọ náà sọ di eré ìdárayá, tí ẹni tó ń rìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí iyì nínú ohun tí kò kà sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀.

Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn onímọ̀ tó wọn nọ́ńbà yẹn wò. Ní ọdún 2019, I-Min Lee ti yunifásítì Harvard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí 16,741 àgbà obìnrin ní Amẹ́ríkà, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí ọdún 72. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń rin nǹkan bí 4,400 ìṣísẹ̀ lójúmọ́ kò kú tó àwọn tó ń rin nǹkan bí 2,700, àti pé lẹ́yìn nǹkan bí 7,500, àfikún ìṣísẹ̀ kò tún mú àǹfààní mìíràn tó ṣeé rí wá fún wọn. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí jẹ́ fún ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí ẹ̀rọ sì ti ń sọ fún un lálaalẹ́ pé kò tíì ṣe tó.

Lẹ́yìn manpo-kei, ohun tó yí padà ni ibi tí ẹ̀rọ wà, ìmọ̀ràn náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. James Park àti Eric Friedman dá Fitbit sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2007, ẹ̀rọ wọn àkọ́kọ́ sì dé ọjà ní ọdún 2009. Àwọn náà mú 10,000 ìṣísẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Ní ọdún 2008, Apple ṣí ọjà áàpù rẹ̀, láti ìgbà náà sì ni àwọn áàpù ìlera ti ń jáde bí olú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé ni àwọn ènìyàn ń jáde kúrò nínú wọn. Onímọ̀ kan, Gunther Eysenbach, ti kìlọ̀ ní ọdún 2005, kí fóònù òde òní tó dé, pé pípa tì jẹ́ ohun àbínibí fún ètò ìlera orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti pé ó yẹ kí àwọn onímọ̀ máa ṣèwádìí rẹ̀ dípò kí wọ́n máa fi pamọ́. Nígbà tí Amit Baumel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ áàpù ìlera ọpọlọ 93 wò, tí wọ́n gbé ìwádìí náà jáde ní ọdún 2019, wọ́n rí i pé lẹ́yìn ọjọ́ 15, ìdá 3.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba irú áàpù bẹ́ẹ̀ ló ṣì ń ṣí i. Nígbà tó di ọjọ́ 30, ó ti di ìdá 3.3. Èyí túmọ̀ sí pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, nǹkan bí mẹ́ta péré ló kù lẹ́yìn oṣù kan.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe áàpù rò pé adùn ni oògùn rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2016, eré Pokémon Go jáde, èyí tó ń mú kí ènìyàn rìn kiri ìgboro láti wá àwọn ẹ̀dá inú fóònù. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ ní ọdún yẹn kan náà fi hàn pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe eré náà fi nǹkan bí 955 ìṣísẹ̀ lójúmọ́ kún ìrìn wọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n ti padà sí bí wọ́n ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀. Adùn a máa mú ènìyàn bẹ̀rẹ̀ nǹkan. Kì í pẹ́ kó tó ṣá.

Ìwádìí tó sún mọ́ òótọ́ jù ni èyí tí Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní University College London, tó jáde ní ọdún 2009. Ènìyàn 96 ló yan ohun kan tí wọ́n fẹ́ kó mọ́ wọn lára, ìbáà ṣe èso jíjẹ, omi mímu tàbí eré sísá, wọ́n sì so ó mọ́ ohun kan tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀, irú bí oúnjẹ àárọ̀ tàbí oúnjẹ ọ̀sán. Ó gba ẹni tó wà láàárín wọn ní ọjọ́ 66 kí ohun náà tó di bárakú, ìyẹn kó tó di pé ó ń ṣe é láì rò ó; ẹni tó yá jù lo ọjọ́ 18, ti ẹlòmíràn sì lè tó ọjọ́ 254 bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Wọ́n tún rí i pé fífo ọjọ́ kan kò ba iṣẹ́ náà jẹ́. Bí ó ṣe rí pẹ̀lú pákò nìyí, tí ẹni tó jí kì í bi ara rẹ̀ léèrè bóyá yóò rún un lónìí, nítorí pé jíjí fúnra rẹ̀ ló ń pe pákò sí i lọ́wọ́.

Bí a bá gbé ìwádìí yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn Jàpáànì, ó hàn gbangba ibi tí ọ̀pọ̀ áàpù ti ṣìnà. Wọ́n ń ké sí ènìyàn ní wákàtí tí kọ̀ǹpútà yàn, nígbà tí ìyá wà nídìí iná, tí awakọ̀ wà lójú títì, tàbí tí nọ́ọ̀sì alẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sùn, lẹ́yìn náà ni wọn yóò sì fi pípàdánù ọjọ́ kan dẹ́rù bà á, bí ẹni pé gbogbo ohun tó ti ṣe ti dòfo. Áàpù tó bá béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ìgbà tí oníbàárà ń jí, ìgbà tó ń jẹun, ìgbà tó ń wọkọ̀ àti ìgbà tó ń tilẹ̀kùn lálẹ́, tó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ta há ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tó dárí ọjọ́ tó fò jì í, tó sì so ó pọ̀ mọ́ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tó mọ̀ ọ́n ní orúkọ, yóò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju èyí tó ní ọgọ́rùn-ún àmì ẹ̀yẹ lọ. Ó sì yẹ kí ẹni tó bá ni irú áàpù bẹ́ẹ̀ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí rajio taiso láàárín ọdún 1937 sí 1945, kó sì jẹ́ kí oníbàárà mọ ẹni tó ń gba ìròyìn ara rẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, kó sì lè jáde nígbàkúùgbà tó bá wù ú. Ètò ti ilé gogoro New York ti dákẹ́ láti nǹkan bí ọdún 1935. Èyí tí Jàpáànì mú lọ sílé ṣì ń dún lórí rédíò NHK lójoojúmọ́ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀.